Búrẹ́dì Tí Ìyàwó Mi Kò Lè Jẹ

Orúkọ tí wọ́n ń pe ìyàwó mi níbi iṣẹ́ ni Kí-ló-wà-nínú-ẹ̀. Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń ránṣọ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mọ́kànlá ni ẹ̀rọ tó wà nínú yàrá yẹn. Aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń rán níbẹ̀, àti ti àwọn ọmọ iléèwé. Tó bá di ọ̀sán, wọ́n á dá ẹ̀rọ dúró, wọ́n á kó oúnjẹ sórí tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ, wọ́n á jọ máa jẹ. Ìyàwó mi á wo inú àwo, á ní, "Kí ló wà nínú ẹ̀?" Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan, ẹnìkan bu omi fún un. Kó tó la ẹnu, gbogbo wọn pariwo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: "Kí ló wà nínú ẹ̀?" Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mo rí i pé omi ni. Ta ló fọ ife?"

Wọ́n rò pé ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe.

Oníbúrẹ́dì ni mí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi po ìyẹ̀fun nílé búrẹ́dì kan ṣoṣo. Bí ìyàwó mi kò ṣe jẹ nǹkan kan láti ọwọ́ mi mọ́ ni mo fẹ́ sọ, èmi tó jẹ́ pé oúnjẹ ni ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n ṣe. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn sí i. Ọ̀rọ̀ dídùn kì í wo àìsàn.

Ọmọ ọdún méjìlélógójì ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ètè ló kọ́kọ́ ń yún un. Nígbà tó yá, ara rẹ̀ ń lé, á pọ́n, á wú, tó bá di alẹ́ á ti lọ. A ní ọṣẹ ni. A pààrọ̀ ọṣẹ. A ní ìdun ni. A gbé bẹ́ẹ̀dì jáde, a sá a sóòrùn, a yẹ gbogbo ojú rírán ẹ̀ wò, a ò rí ìdun kan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló gbóná. Ẹni tó ń ta oògùn ní ìkòríta fún un ní hóró oògùn ara yíyún. Ó ń lò ó, ó ń sùn lórí ẹ̀rọ. Ọdún méjì la fi ṣe eléyìí. Ó rẹ̀ ẹ́. Ó rẹ èmi náà.

Lọ́jọ́ kan mo mú búrẹ́dì roboto wálé, èyí tí à ń wọ́n yànmọ̀tí sí lórí. Ẹ mọ yànmọ̀tí, àwọn hóró funfun pẹlẹbẹ tí kò tó orí eèrà. Ó jẹ ẹyọ kan, ó ní òun fẹ́ lọ gbé aṣọ tí òun sá. Àjà kejì là ń gbé, àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá. Kò dé ìsàlẹ̀. Mo gbọ́ tí nǹkan bì lu ògiri. Nígbà tí mo débẹ̀, ojú rẹ̀ ti wú débi pé mi ò dá a mọ̀, ó ń fa èémí bí ẹni tó ń fi ẹnu fa omi nínú ihò abẹ́rẹ́. Bàtàbàtà tó wà nísàlẹ̀, ìyẹn ọkùnrin tó ń tún bàtà ṣe lẹ́nu ọ̀nà wa, sọ òòlù sílẹ̀, ó gbé e kọ́ èjìká, a sáré.

Wọ́n rí ẹ̀mí ẹ̀ gbà là nílé ìwòsàn. Dókítà tó tọ́jú ẹ̀ ò ju ọmọ bíbí inú mi lọ. Nígbà tí a padà lọ bá a lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó to oje oríṣiríṣi nǹkan sí ìyàwó mi lápá, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan, ó fi abẹ́rẹ́ họ ojú ọ̀kọ̀ọ̀kan díẹ̀. A jókòó, à ń wo apá. Ojú ibì kan ṣoṣo ló wú, bí ibi tí agbọ́n ta.

"Yànmọ̀tí nìyẹn," dókítà ní. Ó wò mí. "Bàbá, iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?"

"Búrẹ́dì."

Ó ní, "Ẹ fara balẹ̀ jókòó."

Mo fẹ́ràn bó ṣe sọ ọ́, torí kò fi èdè ńlá bò ó. Ó ní inú ara ẹni kọ̀ọ̀kan ni ọlọ́dẹ wà, tó ń ṣọ́lé. Ti ìyàwó mi ló ṣìnà. Ó rí àlejò tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan, ó pè é lólè, ó wá dáná sun gbogbo ilé kó lè rí i mú.

"Dókítà," ìyàwó mi ní, "láti kékeré ni mo ti ń jẹ yànmọ̀tí."

"Mo gbọ́, Mà. Ara lè gba nǹkan fún ogójì ọdún, kó wá kọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan."

"Tí mo bá ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ ńkọ́, kó lè mọ́ mi lára?"

"Ẹ má dán an wò nílé láéláé. Díẹ̀ yẹn náà ló lè pa yín. Bí ẹ sè é, bí ẹ dín in, bákan náà ni. Òróró ẹ̀ náà, ẹ má fọwọ́ kàn án."

Ó fún un ní abẹ́rẹ́ méjì tí ó rí bíi gègé ìkọ̀wé gbọọrọ. Ó kọ́ èmi náà. Tí ọ̀fun bá ti ń fún, tí èémí bá ń ṣòro, kí a má ṣe máa wá hóró oògùn ara yíyún kiri, kò lè gbà á là. Kí a gún abẹ́rẹ́ yìí sí ẹ̀gbẹ́ itan, láti orí aṣọ náà ni. Kó dùbúlẹ̀, kó má dìde. Kí a gbé e lọ sílé ìwòsàn, kódà kó ní ara òun ti yá. Méjèèjì ni kó máa wà lọ́wọ́ rẹ̀ níbi gbogbo. Ìyàwó mi rán àpò kékeré kan fún un láti ara àjẹkù aṣọ nọ́ọ̀sì, ó ń fi í kọ́ ọrùn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá wò wá. Ó yí àpò yẹn lọ́wọ́ títí. "Nítorí yànmọ̀tí? Hóró tí kò tó nǹkan yẹn? Ọkọ wa, ṣé kì í ṣe pé àbúrò mi kàn fẹ́ kí wọ́n máa kẹ́ òun?"

Ìyàwó mi ló dá a lóhùn. "Ẹ̀gbọ́n mi, abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́."

"Hẹn-ẹn. Mo kọ́ ọ, o wá mú un lò fún mi."

"Mo ti dàgbà."

A fọ ilé. A kó òróró dànù, a kó ìpara dànù, torí ó wà nínú ìpara náà, èmi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó wà nínú bisikíìtì, ó wà nínú nǹkan tí wọ́n ń dà sórí ẹran. Ìyàwó mi ní gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá, èyí tó fi ń wo ojú abẹ́rẹ́. Òun ló fi ń ka ẹ̀yìn páálí. Ìwé tí mo kà ò pọ̀, àmọ́ mo ní kó kọ ọ̀rọ̀ yẹn fún mi sínú ìwé pélébé, ní gbogbo ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ ọ́ sára ọjà. Mo ń mú un lọ sọ́jà. Mo mọ̀ ọ́n bí èèyàn ṣe ń mọ ojú olè.

Iṣẹ́ ni. Ọjọ́ kan kò sí tí kì í ṣe iṣẹ́. Ìpè ìgbéyàwó dé, ẹ óò ronú. Òjò pa yín, ẹnìkan ní ẹ wá jẹun, ẹ óò ronú. Àwọn ìbejì wa, tí wọ́n ti lọ gbé ibi tó jìnnà, á pe fóònù, nǹkan tí wọ́n á kọ́kọ́ bi mí ni, "Bàbá, àpò yẹn ṣì wà lọ́rùn wọn?"

Lóṣù kẹrin, ìyàwó mi ní búrẹ́dì ń wu òun.

Kí ni mo fẹ́ sọ? Ìyàwó oníbúrẹ́dì tí kò rí búrẹ́dì jẹ dà bí ìyàwó ẹni tó ń ta omi tí òùngbẹ ń gbẹ. Mo ní èmi á mú un wá. Búrẹ́dì alágolo, gbọọrọ, tí kò ní nǹkan kan lórí. Èmi ni mo pò ó, èmi ni mo gé e, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ sínú agolo. Mo dì í sínú aṣọ tí a fọ̀. Mo gbé e ka iwájú rẹ̀.

Ó wò ó. Ó ní, "Kí ló wà nínú ẹ̀?"

Mo ti wà lórí ìdúró láti ìdájí. Orúnkún ń dùn mí. Mo ní, "Ìyẹ̀fun. Omi. Iyọ̀. Ṣúgà. Yíìsì. Òróró ẹ̀pà."

"Ṣé ó dá yín lójú, Bàbá Ìbejì?"

Mo ní, "Ìwọ obìnrin yìí, ṣé o rò pé mo fẹ́ pa ọ́ ni?"

Ó wolẹ̀. Ó bù ú, ó jẹ ẹ́.

Kò pẹ́ rárá. Ó fọwọ́ kan ọ̀fun, ó wo ojú mi. Mo já àpò lọ́rùn rẹ̀. Mo gún un sí itan, mo mú un dání bí dókítà ṣe kọ́ mi, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, mo ké sí Bàtàbàtà. Nígbà tí ọkọ̀ máa fi dé, èémí ti ń wọlé díẹ̀. Ó fẹ́ dìde jókòó. Mo tẹ èjìká ẹ̀ mọ́lẹ̀. Ohun tí mo ṣe dáadáa lọ́jọ́ yẹn kò ju ìyẹn lọ.

Ó lo ọjọ́ méjì nílé ìwòsàn. Kò bá mi jà. Ì bá sàn kó bá mi jà. Nígbà tí a délé, ó wọ kíṣìnì, ó se oúnjẹ tirẹ̀, ó fọ ìkòkò tirẹ̀, ó dà á bolẹ̀. Mo bó ọsàn fún un. Ó gbà á, ó ní, "Ẹ ṣé," ó gbé e kalẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo bá ọsàn yẹn nínú agbọ̀n ìdọ̀tí, odindi.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé nígbà náà. Kò ní jẹ nǹkan láti ọwọ́ mi mọ́. Mi ò sì lè bẹ̀ ẹ́, torí mi ò mọ ohun tí ọwọ́ mi ṣe.

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo dúró, mo ń ṣọ́ ọwọ́ ara mi bí ẹni ń ṣọ́ ọmọ ọ̀dọ̀. Mo fọ tábìlì. Mo gbọ́n àpò ìyẹ̀fun. Eéfín, ọkùnrin tó ń bójú tó ààrò, ń wò mí.

"Bọ̀ọ̀dá, kí lẹ̀ ń wá?"

"Yànmọ̀tí."

"Ó wà nínú àpò níbẹ̀ yẹn. Àbí ojú yín ti lọ?"

"Kì í ṣe èyí tó wà nínú àpò."

Ó mi orí. Ó fa àwọn agolo sọ́dọ̀, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì pa òróró sínú agolo, ó bu èérún nínú abọ́, ó wọ́n ọn, ó gbo agolo kí èérún lè lẹ̀ mọ́ gbogbo ara ẹ̀, ó da ìyókù padà sínú abọ́. Agolo kan, agolo méjì. Mo ti rí i bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún ó dín díẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn ni mo tó rí i.

Mo bu èérún yẹn lẹ́kúnwọ́, mo gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ó wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn ti fọ́, àwọn mìíràn ṣì wà ní odindi, funfun, wọ́n tò sáàárín ìlà àtẹ́lẹwọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé èérún. Búrẹ́dì tí a ò bá tà tán fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, a kì í dà á nù. A ó sá a sórí ààrò títí á fi gbẹ, a ó lọ̀ ọ́, a ó jọ̀ ọ́. Òun la fi ń wọ́n inú agolo kí búrẹ́dì tuntun má bàa lẹ̀. Búrẹ́dì roboto oníyànmọ̀tí ló sì máa ń ṣẹ́kù jù. Kò sí agolo kan nílé búrẹ́dì yẹn tí yànmọ̀tí ò sí nínú ẹ̀.

Ẹni tó mú àṣà èérún wọ ibẹ̀ ni mo ń sọ yìí. Èmi ni. Ọdún kẹta tí mo débẹ̀ ni. Tẹ́lẹ̀, búrẹ́dì ń lẹ̀, ìdí ẹ̀ ń ya. Mo mú èérún wá, ó dáwọ́ dúró. Ọ̀gá ní kí gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ fún mi.

"Eéfín," mo ní, "ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́ yìí?"

"Ẹ̀yin ni. Ṣé mo ṣe é burú ni?"

"O ò ṣe é burú."

Mo lè dákẹ́. Mo lè sọ fún ìyàwó mi nílé pé òróró ni, pé ẹni tó ta òróró fún wa ló lù wá. Ta ló máa mọ̀? Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbé e kiri. Ní ọjọ́ kẹrin, mo bá a níbi tó ti ń ká etí ṣòkòtò kan, mo jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ìyá Ìbejì, mo ti rí i."

"Kí lẹ rí?"

Mo sọ fún un. Mo sọ ti èérún, mo sọ ẹni tó mú un wá, mo sọ ti àtẹ́wọ́ náà.

Ó rán etí ṣòkòtò yẹn dé òpin. Ó so ó, ó fi eyín gé òwú. Ó wá ní, "Ṣé ẹ mọ èyí tó dùn mí?"

"Búrẹ́dì náà."

"Rárá. Ẹ ò mọ̀ pé ó wà nínú búrẹ́dì náà. Mo bi yín léèrè, ẹ ní ṣé mo rò pé ẹ fẹ́ pa mí ni. Ojú tì mí. Ẹ̀rù ń bà mí, mo sì ń jẹ ẹ́, torí ojú tó ń tì mí." Ó ká ṣòkòtò náà. "Díẹ̀ ló kù kí ojú títì pa mí."

Mo ní, "Má bínú."

Ó ní, "Mo ti gbọ́."

Ẹni tó ní òun ti gbọ́ kò tíì ní ó ti tán.

Mo lọ bá Ọ̀gá. Mo ní kó jẹ́ kí a yé fi èérún sínú agolo, tàbí kí a yé wọ́n yànmọ̀tí. Ó ní, "Bàbá, àwọn tó ń ra roboto ńkọ́? Ìyàwó yín nìkan ló ń jẹ búrẹ́dì láyé?" Mo ní ó lè jẹ́ ìyàwó tiẹ̀ ló kàn. Ó bínú. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó lẹ ìwé mọ́ ibi tí a ti ń tà, pé yànmọ̀tí lè wà nínú gbogbo búrẹ́dì wa. Eéfín ní ìwé yẹn á lé oníbàárà. Kò lé wọn. Obìnrin kan kà á, ó dá búrẹ́dì tó mú lọ́wọ́ padà, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó lọ. Kò mọ̀ mí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú mi.

Mi ò níṣẹ́ mìíràn tí mo mọ̀. Mo ń bá a lọ. Àmọ́ láti ìgbà náà, lẹ́yìn iṣẹ́ mo ń wẹ̀ lẹ́yìn ilé búrẹ́dì, orí títí dé ẹsẹ̀, òjò ìbáà máa rọ̀. Mo ń pààrọ̀ aṣọ. Bàtà iṣẹ́ mi kò gun àtẹ̀gùn wa. Ọ̀dọ̀ Bàtàbàtà ló ń sùn. Ó ní, "Bàbá, bàtà yín yìí ti di ayálégbé mi." Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ṣe bẹ́ẹ̀. Tí mo bá wọlé, ìyàwó mi á wo èékánná mi. Mo ń nà án sí i kó tó bi mí. A ń rẹ́rìn-ín, a ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà, a ń sọ ti àwọn ìbejì. Àmọ́ oúnjẹ tirẹ̀ ló ń jẹ, èmi náà tirẹ̀ ni mò ń jẹ. Oúnjẹ kankan kò ti ọwọ́ mi dé ẹnu rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, orúnkún mi ní ó tó. Mo kúrò nílé búrẹ́dì. Mo jókòó sílé oṣù kan, mò ń wo ògiri. Lẹ́yìn náà mo ra agolo kan, tuntun, tí ìwé ṣì wà lára ẹ̀. Mo ra ìyẹ̀fun tí wọ́n dì pa. Ìyàwó mi gbé gíláàsì rẹ̀, ó ka ara àpò náà lókè nísàlẹ̀, ó pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ẹ̀, ó bi wọ́n bóyá wọ́n ń lọ yànmọ̀tí nílé iṣẹ́ wọn. Wọ́n ní rárá. Ó ní kí wọ́n tún un sọ. Kò bi mí nǹkan tí mo fẹ́ fi ìyẹ̀fun ṣe.

Mo pò ó. Mo fi òróró nìkan pa agolo. Mo yan án nínú ààrò kékeré onígáàsì wa.

Ó lẹ̀. Mo da agolo délẹ̀, mo gbá ìdí ẹ̀, apá òkè jáde, ìdí ẹ̀ dúró sínú agolo. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nídìí búrẹ́dì. Mo fi ọ̀bẹ ha ìyókù jáde, mo tò ó sínú àwo, ó rí bí nǹkan tí ajá ti jẹ kù.

Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ilẹ̀kùn mú. "Wọ́n á gba àtẹ́wọ́ yẹn padà lọ́wọ́ yín o."

"Kí wọ́n wá gbà á."

Ó sún mọ́ ọn. Ó ní, "Kí ló wà nínú ẹ̀?"

Mo ní, "Ìyẹ̀fun tí o kà. Omi. Iyọ̀. Ṣúgà. Yíìsì. Òróró tí o rà fúnra rẹ."

"Agolo ńkọ́?"

"Tuntun ni. Òróró yẹn nìkan ni mo fi pa á. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tó fi lẹ̀."

"Ọwọ́ ńkọ́?"

Mo na ọwọ́ méjèèjì sí i. Ó yí wọn padà, ó wo ẹ̀yìn, ó wo èékánná. Ó bọ́ àpò ọrùn rẹ̀, ó gbé abẹ́rẹ́ méjèèjì sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Ó jókòó. Ó bu ẹyọ kan láti ara ìdí tó ya yẹn, ó jẹ ẹ́.

A ń wo aago. Mò ń wo ètè rẹ̀, ó ń wò mí tí mò ń wo ètè rẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìdajì wákàtí. Wákàtí kan.

Ó ní, "Iyọ̀ ẹ̀ kéré."

Ó tún bu òmíràn.

Láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mò ń yan án. Ó ń lẹ̀ síbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá gbé e kalẹ̀, ó máa ń bi mí, kì í fò ó, àpò yẹn á sì wà lórí tábìlì. Mo ń kà á fún un láti ìyẹ̀fun dé agolo dé ọwọ́. Kì í sú mi. Irọ́ ni, ó ń sú mi. Mò ń kà á.